TA NI Ó KỌ́KỌ́ DÚPẸ́?



Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní, ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí yóò jiyàn pé ọpẹ́ yẹ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó le ju èyí lọ: ǹjẹ́ ọpẹ́ lè wà tí Ọlọ́run kò ní tẹ́wọ́ gbà? Ẹ jẹ́ kí a fi àjọ̀dún ìkórè àwọn ará Amẹ́ríkà yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní ọmọ tàbí àbúrò ní ilẹ̀ náà, tí àwọn ọmọ wọn sì ń kọ́ ìtàn àjọ̀dún yìí ní ilé ẹ̀kọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ kẹrin nínú oṣù kọkànlá ọdọọdún, gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 1941 ti là á sílẹ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà a pa iṣẹ́ tì, ẹbí a péjọ, wọn a sun tòlótòló, wọn a sì dúpẹ́. Ìtàn tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọdé kò gùn. Ní ọdún 1620, ènìyàn 102 wọ ọkọ̀ Mayflower láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tẹ̀dó sí Plymouth. Òtútù àti àìsàn pa nǹkan bí ìdajì wọn kí ọdún tó yí. Nígbà ìkórè ọdún 1621, àwọn tí ó kù se àsè fún ọjọ́ mẹ́ta. Massasoit, olórí àwọn Wampanoag tí í ṣe ọmọ onílẹ̀, wá pẹ̀lú nǹkan bí 90 ọkùnrin, wọ́n sì pa àgbọ̀nrín 5 wá síbi àsè náà. Wọ́n jọ jẹ, wọ́n jọ mu. Èyí ni a ń pè ní ìdúpẹ́ àkọ́kọ́.

Ìtàn yìí kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò pé. Edward Winslow, tí ó wà níbẹ̀ tí ó sì kọ lẹ́tà nípa rẹ̀, kò pe àsè náà ní ọjọ́ ìdúpẹ́ rárá. Lójú àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ọjọ́ ìdúpẹ́ jẹ́ ọjọ́ àdúrà, wọ́n sì ya irú rẹ̀ sọ́tọ̀ ní ọdún 1623, nígbà tí òjò rọ̀ lẹ́yìn ọ̀dá. Ọdún 1841 ni Alexander Young, tí ó ṣàkójọ àwọn ìwé wọn, tẹ̀ ẹ́ jáde pé àsè ọdún 1621 ni ìdúpẹ́ àkọ́kọ́.

Nítorí náà ni àwọn mìíràn fi dìde láti gba ipò náà. Àwọn ará Virginia wí pé ọ̀dọ̀ àwọn ni ó ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí Berkeley ní ọjọ́ 4 oṣù kejìlá ọdún 1619, tí a sì ti pàṣẹ fún wọn láti máa fi ọjọ́ náà dúpẹ́ lọ́dọọdún. Àwọn ará Texas wí pé Juan de Oñate, ọmọ Spéìn, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti dúpẹ́ létí odò Rio Grande ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1598. Àwọn ará Florida sì fa ọwọ́ ìtàn sẹ́yìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 1565, ọjọ́ ìbí Màríà Wúndíà Mímọ́, Pedro Menéndez de Avilés sọ̀ kalẹ̀ sí èbúté tí a fi orúkọ Augustine Mímọ́ pè. Fáda Francisco López de Mendoza Grajales rú ẹbọ Misa níbẹ̀, lẹ́yìn èyí ni Menéndez sì fún àwọn Timucua, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ní oúnjẹ pẹ̀lú àwọn ènìyàn tirẹ̀.

Mo mọ̀ pé inú yín dùn bí ẹ ti ka èyí. Inú tèmi náà dùn. Misa Mímọ́ ti ṣáájú àsè Plymouth pẹ̀lú ọdún 56! Àwọn Kátólíìkì kan ní Amẹ́ríkà a sì máa fi èyí yangàn, wọn a ní tiwa ni àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka ìtàn tiwa dé òpin. Ọjọ́ 12 péré lẹ́yìn Misa náà, Menéndez kan náà kọlu odi àwọn Faransé tí í ṣe Pùròtẹ́sítáǹtì, ó sì pa ju 100 ènìyàn lọ. Lẹ́yìn náà, àwọn Faransé tí ọkọ̀ wọn rì, tí ebi ń pa, tí wọ́n sì jọ̀wọ́ ara wọn fún un, ni ó tún pa ní etí omi. Títí di òní ni a ń pe ibẹ̀ ní Matanzas, èyí tí í ṣe ìpakúpa ní èdè Spéìn. Àwọn ọmọ ogun Oñate pẹ̀lú, ní oṣù kìíní ọdún 1599, pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn ọmọ onílẹ̀ ní Acoma. Ọwọ́ tí a gbé sókè ní ìdúpẹ́ ni ọwọ́ tí ó fa idà yọ.

Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì kò sì sàn jù wá lọ. Ní ọdún 1637, wọ́n fi iná sun ìlú àwọn Pequot ní Mystic pẹ̀lú àwọn obìnrin àti ọmọdé tí ó wà nínú rẹ̀, Massachusetts sì ya ọjọ́ ìdúpẹ́ sọ́tọ̀ fún ìṣẹ́gun ogun náà. Massasoit tí ó gbé àgbọ̀nrín wá síbi àsè ní ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Metacom. Ní ọdún 1676, a pa Metacom lójú ogun, a gbé orí rẹ̀ kọ́ sórí igi ní Plymouth, a sì ta ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ sí oko ẹrú ní òkè òkun. Plymouth ṣe ọjọ́ ìdúpẹ́ nítorí ìṣẹ́gun yìí bákan náà. Àbí ẹ kò rí i? Baba jókòó sí ibi àsè, a sì fi ikú ọmọ rẹ̀ ṣe ọpẹ́.

Ìdí nìyí tí àwọn Wampanoag kan fi ń ṣọ̀fọ̀ ní ọjọ́ tí àwọn yòókù ń jẹ àsè. Ní ọdún 1970, a pe Wamsutta Frank James, ọmọ Wampanoag, láti wá sọ̀rọ̀ níbi ayẹyẹ 350 ọdún tí ọkọ̀ Mayflower ti gúnlẹ̀. Nígbà tí àwọn aṣètò ka ọ̀rọ̀ tí ó kọ sílẹ̀, tí wọ́n rí òtítọ́ tí ó wà nínú rẹ̀, wọn kò jẹ́ kí ó sọ ọ́. Ó lọ sí orí òkè kan ní Plymouth pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń péjọ síbẹ̀ lọ́dọọdún.

Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ó yẹ Kátólíìkì láti fi yọ̀ ni a ń wá nínú ìtàn yìí, ẹ wo ibòmíràn. Ní ọdún 1614, ará Gẹ̀ẹ́sì kan jí Tisquantum, ọmọ Patuxet, gbé pẹ̀lú àwọn mìíràn, ó sì kó wọn lọ tà ní Málaga ní Spéìn. Àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Ìjọ wa ní ìlú náà dá sí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì gba àwọn tí ó kù lọ́wọ́ olówò ẹrú. Tisquantum padà sílé ní ọdún 1619, ó sì bá a pé àjàkálẹ̀ àrùn ti pa gbogbo ìlú rẹ̀ run. Orí ahoro ìlú rẹ̀ gan-an ni a tẹ Plymouth dó sí. Síbẹ̀, òun ni ó kọ́ àwọn àlejò wọ̀nyí bí a ti ń fi ẹja bọ́ ilẹ̀ kí àgbàdo tó lè hù dáadáa. Láìsí i, ìkórè wo ni wọn ì bá dúpẹ́ fún?

Ẹ̀yin olùfẹ́ mi, ta ni ó kọ́kọ́ dúpẹ́? Ìbéèrè yìí kò jìnnà sí àdúrà Farisí, ẹni tí ó dúpẹ́ nínú tẹ́ńpìlì pé òun kò rí bí àwọn ẹlòmíràn. Nígbà tí ẹlẹ́tẹ̀ kan padà wá dúpẹ́, Olúwa wa kò bi í bóyá òun ni ó kọ́kọ́ dé. Àwọn mẹ́sàn-án tí kò sí níbẹ̀ ni ó béèrè. Nínú ìwé Diutarónómì orí 26, ẹni tí ó bá gbé àkọ́so oko wá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka ìtàn rẹ̀ níwájú Ọlọ́run: ìṣíkiri baba rẹ̀, oko ẹrú tí ó ti jáde wá. Lẹ́yìn èyí ni òun àti àlejò tí ó wà láàrin wọn yóò jọ yọ̀. Ìtàn òtítọ́ ṣáájú, àsè tẹ̀ lé e. Ọmọ tí ó mọ ọwọ́ wẹ̀ ni í bá àgbà jẹun.

Abraham Lincoln, ààrẹ Amẹ́ríkà, mọ èyí díẹ̀. Nígbà tí ó kéde ọjọ́ ìdúpẹ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè ní oṣù kẹwàá ọdún 1863, nínú ogun abẹ́lé, kò dárúkọ Plymouth rárá. Ó pè wọ́n láti dúpẹ́, ó sì ní kí wọ́n fi ìrònúpìwàdà kún un nítorí àìgbọràn orílẹ̀-èdè wọn, kí wọ́n sì rántí àwọn opó àti ọmọ òrukàn.

Nítorí náà, ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín ní Amẹ́ríkà pé kí wọ́n jẹ àsè náà, kí wọ́n dúpẹ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n dárúkọ Tisquantum níbi tábìlì.

Àwa tí a wà nílé ńkọ́? Ọjọ́ ìkórè tiwa ń bọ̀, a ó sì ru iṣu àti àgbàdo wá síwájú pẹpẹ. Kí o tó gbé agbọ̀n rẹ lérí, bi ara rẹ léèrè: alágbàṣe tí ó kọ ebè yìí, ǹjẹ́ ó ti gba owó rẹ̀? Ilẹ̀ tí iṣu yìí ti jáde, ṣé kì í ṣe ti opó ẹ̀gbọ́n mi ni, tí mo gbà nígbà tí kò ní agbẹnusọ? Olúwa wa ti kọ́ wa ní ohun tí a ó ṣe: kí a fi ẹ̀bùn sílẹ̀ níbẹ̀, kí a lọ bá arákùnrin wa làjà, kí a tó padà wá. Ẹ̀bùn náà kò ní sá lọ.

Yúkárístì tí a ń gbà ní Misa Mímọ́, ìdúpẹ́ ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Ní òru tí a fi í hàn, Jésù mú búrẹ́dì, ó sì dúpẹ́. Ó mọ ẹni tí yóò fi òun hàn, ó mọ ẹni tí yóò sẹ́ òun, àwọn méjèèjì sì wà níbi tábìlì. Kò bo òtítọ́ náà mọ́lẹ̀ kí ó tó lè dúpẹ́. Kí ó fún wa ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀, kí ọpẹ́ wa lè gòkè lọ bá Baba. Àmín.