Ta Ni Ó Jẹ̀bi Nọ́ńbà Èké?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní yunifásítì. Nígbà tó wá sílé ní Ọ̀rẹ̀ fún ọlidé, ó sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi ní alẹ́ ọjọ́ kan tí iná kò sí, ó sì ti gbà mí láyè láti kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n mú àwọn dé wọ́ọ̀dù àwọn aboyún, wọ́n ní kí òun wọn ìfúnpá obìnrin kan, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí BP. Ó ti ka iṣẹ́ náà nínú ìwé. Ó ti ṣe ìdánwò lé e lórí, ó sì gba máàkì tó dára. Ó mọ̀ pé èèyàn á wé aṣọ ẹ̀rọ náà mọ́ apá, á fún afẹ́fẹ́ sí i, á wá máa jẹ́ kí afẹ́fẹ́ náà jáde díẹ̀díẹ̀, bó ṣe ń tẹ́tí sí ìró iṣan. Ibi tí ìró náà bá ti bẹ̀rẹ̀ ni nọ́ńbà òkè. Ibi tó bá ti dákẹ́ ni nọ́ńbà ìsàlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó ki ẹ̀rọ bọ etí, kò gbọ́ nǹkan kan.

Ó tún un ṣe, kò gbọ́. Obìnrin náà ń wò ó lójú. Ni ẹ̀gbọ́n mi bá kọ 120/80 sílẹ̀, nítorí pé nọ́ńbà ẹni tí ara rẹ̀ le ni ìwé wọn pe ìyẹn.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ń kọjá lọ rí i pé ẹsẹ̀ obìnrin náà wú. Ó wo ìwé, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n mi, ó sì tún BP náà wọ̀n. 160/110 ló rí. Ìfúnpá tó bá ga bẹ́ẹ̀ lára aboyún lè di gìrì, ó sì wà lára àwọn ohun tó ń pa aboyún jù lọ ní orílẹ̀-èdè wa. Wọ́n tètè tọ́jú rẹ̀, ìyá yè, ọmọ náà sì yè.

Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ìbéèrè kan ti wà lọ́kàn mi: ta ni ó jẹ̀bi nọ́ńbà èké yẹn?

Ìdáhùn tó kọ́kọ́ wá síni lẹ́nu ni pé ẹ̀gbọ́n mi ló jẹ̀bi. Òun fúnra rẹ̀ kò jiyàn. Àwọn àgbà ní ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ó yẹ kó sọ pé òun kò gbọ́ ìró kankan. Irọ́ ló pa, ẹ̀mí méjì ló sì wà lórí irọ́ náà. Mi ò ní gbèjà rẹ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí ẹ ò béèrè?” Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá sọ pé ní ọdún àkọ́kọ́ àwọn, olùkọ́ kan wà tí ìmọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀ gan-an. Bó bá wọlé, á máa ka ìwé rẹ̀ fún wọn, wọn á máa kọ ọ́. Lọ́jọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan nawọ́, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, kò yé mi.” Olùkọ́ náà bi í pé ta ló bá a ṣe ìdánwò JAMB. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún nawọ́ mọ́.

Ẹ̀kọ́ méjì ni olùkọ́ yẹn kọ́ wọn, bí mo ṣe rò ó sí. Ó kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe ń wọn BP. Ó tún kọ́ wọn pé ìtìjú ni kí èèyàn sọ pé òun kò mọ nǹkan. Ẹ̀kọ́ kejì ni ẹ̀gbọ́n mi gbé dé wọ́ọ̀dù. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ṣé olùkọ́ náà ni ó wá jẹ̀bi? Kí a má yára dá a lẹ́jọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó máa ń fi owó ara rẹ̀ ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rówó san lọ́wọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà nìyẹn. Wọ́n fún un ní kíláàsì nítorí pé ó mọ iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó bi í bóyá ó mọ̀ ọ́n kọ́ni.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyí. Ní ilé ìwé wa, àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ máa ń wá dán iṣẹ́ wò lọ́dọ̀ wa. Ọ̀gá wọn á wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì, á máa kọ nǹkan sílẹ̀: ṣé ohùn rẹ̀ dé ẹ̀yìn, ṣé ó bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè, ṣé ó dá ẹni tó ṣì dáhùn lóhùn tìfẹ́tìfẹ́? Òfin tó dá ìgbìmọ̀ ìforúkọsílẹ̀ àwọn olùkọ́, TRCN, sílẹ̀ ti wà láti 1993. Àwọn tó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì náà ní ẹ̀kọ́ olùkọ́ tí a ń retí kí wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n bó bá di yunifásítì, oyè àti ìwé ìwádìí ni a kọ́kọ́ ń wò lára olùkọ́. Ẹni tí yóò kọ́ mi ní ìṣirò ní láti kọ́ bí a ṣe ń kọ́ni. Ẹni tí yóò kọ́ ẹni tí yóò gbẹ̀bí ìyá mi lè má kọ́ ọ rárá.

Ní ìlú Oǹdó, tí kò jìnnà sí wa, yunifásítì ìjọba méjì wà. Ọ̀kan ni Adéyẹmí, tó ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún. Èkejì ni Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn, UNIMED, tí ìjọba ìpínlẹ̀ wa dá sílẹ̀ ní 2015. Bí mo bá rántí àwọn méjèèjì, ó máa ń hàn sí mi pé ìmọ̀ ìṣègùn jẹ́ ohun kan, ìmọ̀ ìkọ́ni sì jẹ́ ohun mìíràn. Ẹni tí yóò kọ́ni ní ìṣègùn nílò méjèèjì.

Bàbá mi kò gbà. Wọ́n ní kò sí ọ̀gá mẹkáníìkì kan ní Ọ̀rẹ̀ yìí tó lọ kọ́ bí a ṣe ń kọ́ni, síbẹ̀ àwọn ọmọṣẹ́ wọn ń gba òmìnira lọ́dọọdún, ọkọ̀ sì ń rìn láti Èkó dé Benin. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan lẹ́bàá títì márosẹ̀, mo ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọ̀gá kọ́kọ́ ṣe é, ọmọṣẹ́ ń wò. Ó ní kí ọmọ náà sọ ohun tó rí. Lẹ́yìn náà, ọmọ náà tú irin, ọ̀gá dúró tì í. Ọmọṣẹ́ mìíràn tó ti pẹ́ ń dá ṣe tirẹ̀ lápá kan. Mo wá rí i pé ọ̀gá náà mọ̀ ọ́n kọ́ni dáadáa. Mo bi í pé níbo ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ́ńjìnnì tí àwọn ọmọṣẹ́ òun àkọ́kọ́ bà jẹ́ ló kọ́ òun.

Ìdáhùn mi sí bàbá mi nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì tó bá bà jẹ́, a lè lọ ra òmíràn ní Ládípọ̀. Aboyún tí ẹnìkan fi kọ́ bí a ṣe ń kọ́ni, níbo la ti máa ra òmíràn?

Ohun tí mẹkáníìkì yẹn ń ṣe kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ohun tí dókítà ará Amẹ́ríkà kan, George Miller, kọ ní 1990. Ó ní ìpele mẹ́rin ló wà nínú iṣẹ́ ìlera: kí èèyàn mọ nǹkan, kí ó mọ bí a ṣe ń ṣe é, kí ó lè ṣe é lójú olùkọ́, kí ó sì máa ṣe é lójoojúmọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ìpele kìíní ni ìdánwò ẹ̀gbọ́n mi dé. Láti àwọn ọdún 1950 ni Miller ti ń pe àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ wá bá àwọn dókítà tó ń kọ́ni jókòó, kí wọ́n lè jọ yẹ ìkọ́ni wọn wò. Ní àwọn ọdún 1970, Àjọ Ìlera Àgbáyé ń ṣètò ẹ̀kọ́ fún àwọn tó ń kọ́ òṣìṣẹ́ ìlera. Lọ́dọ̀ tiwa náà, láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni Yunifásítì Ìlọrin ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ sáàárín ará ìlú àti abúlé, kí wọ́n lè fi ojú rí àìsàn níbi tó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun, kì í sì í ṣe ti òyìnbó nìkan.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní dókítà àti nọ́ọ̀sì kò tó, ọ̀pọ̀ wọn ti lọ sí òkè òkun, ìgbà wo ni àwọn tó kù yóò ráyè jókòó kọ́ bí a ṣe ń kọ́ni? Òótọ́ ni. Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn ogójì lójúmọ́ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó mọ iṣẹ́ bá ṣe ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe yẹ kí ìwọ̀nba tó kù lè kọ́ni kó yéni. Kò sì dìgbà tí a bá ti ilé ìwòsàn pa. Ọjọ́ mélòó kan lọ́dún, kí olùkọ́ ẹgbẹ́ ẹni wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì ẹni, kí ó sọ òótọ́ fúnni, bí wọ́n ti ń ṣe fún àwọn tó ń wá dán iṣẹ́ wò lọ́dọ̀ wa.

Ta ni ó wá jẹ̀bi? Ẹ̀gbọ́n mi jẹ̀bi irọ́. Olùkọ́ rẹ̀ jẹ̀bi ìtìjú tó fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi àwọn tó gbé e síwájú kíláàsì láìkọ́ ọ ní bí a ṣe ń kọ́ni ló pọ̀ jù lójú tèmi, nítorí pé àìmọ̀ ni ti olùkọ́ náà, àwọn yẹn sì mọ̀. Àìmọ̀ lásán kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kí a mọ ohun tó yẹ kí a ṣe, kí a má sì ṣe é, òun ni ẹ̀ṣẹ̀. Obìnrin tí kò jókòó sí kíláàsì náà rí ni ìyà rẹ̀ ì bá jẹ.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nọ́ọ̀sì àgbà ọjọ́ yẹn kò pariwo. Ó mú ẹ̀gbọ́n mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, “Ọmọ mi, kọ́kọ́ fi ìka wá ibi tí iṣan ti ń lù ní ìgbọ̀nwọ́, kí o tó gbé ẹ̀rọ lé e.” Ó jẹ́ kó wọn ti èèyàn mẹ́ta lójú òun, títí tó fi gbọ́ ìró náà. Lẹ́yìn náà ló sọ fún un pé kó lọ bẹ aboyún náà, kó sì lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá wọ́ọ̀dù. Ó bá a wí, ó sì kọ́ ọ. Kò fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Kí ẹ̀gbọ́n mi tó padà sí yunifásítì, ó wọn BP ìyá wa, ó sì kọ́ èmi náà. Mi ò kọ́kọ́ gbọ́ nǹkan kan. Mo sọ fún un pé mi ò gbọ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó di ìka mi mú, ó gbé e lé ìgbọ̀nwọ́ ìyá wa, ó ní, “Ibí yìí ni. Tún un ṣe.”