Ọwọ́ Ta Ni Igi Òrí Kú Sí?

Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, Ṣakí ni wọ́n sì ti bí àwọn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n ń ta oúnjẹ ní Ìbàdàn. Àbúrò ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọ̀gbìn nílé ìwé kan nílé. Àpò èédú méjì tí wọ́n já sílẹ̀ lẹ́yìn búkà ló fa ọ̀rọ̀.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí mi o. Mo rí bí ẹ ṣe ń yan èédú yẹn. Ẹ mú ẹyọ kan, ẹ fi kan èkejì, ẹ tẹ́tí sí i, kí ẹ tó sanwó.

Ẹ̀GBỌ́N: Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń ṣe é. Èyí tó bá dún bí irin ló le. Èyí tí kò bá dún, igi rírọ̀ ni. Kí ẹ̀wà tó jinná, ó ti di eérú. Èmi kì í ra ìyẹn.

ÀBÚRÒ: Igi wo ló ń dún bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi ò mọ̀. Inú àpò ni mo ti ń bá a.

ÀBÚRÒ: Igi àyìn ni, igi òrí ni, igi irú ni. Òkè-Ògùn tiwa ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Wọ́n á to igi jọ, wọ́n á fi koríko àti yẹ̀pẹ̀ bò ó, wọ́n á tanná ràn án, wọ́n á sì máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mélòó kan kí atẹ́gùn má baà wọ ibẹ̀ jù. Nínú igi kìlò 10, èédú tó ń jáde nínú irú ebu bẹ́ẹ̀ kì í sábà ju kìlò kan tàbí méjì lọ. Ìyókù ti bá èéfín lọ.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o wá fẹ́ sọ pé èmi ni mo gé e?

ÀBÚRÒ: Àwọn àgbà ló ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n olè lòwe yẹn ń bá wí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sun èédú, àgbẹ̀ ni wọ́n. Òjò já wọn kulẹ̀, ẹ̀gẹ́ ò lówó lórí lọ́jà, owó ilé ìwé ọmọ sì dé. Èmi náà, gáàsì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí owó kìlò kan bẹ̀rẹ̀ sí í gùn sókè, ṣé kí n fi owó kún àwo ìrẹsì ni? Alágbàṣe àti ọlọ́kadà ló ń jẹun lọ́dọ̀ mi. Gáàsì tí wọ́n ń sun dànù níbi tí wọ́n ti ń wa epo ní Niger Delta ńkọ́? Ọdún 1979 ni ìjọba ṣe òfin pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1984, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sun ún mọ́ láìgba àṣẹ. Iná yẹn ṣì ń jó títí di òní, bẹ́ẹ̀ a lè rí gáàsì ìdáná yọ lára rẹ̀. Ìwọ wá fò gbogbo ìyẹn dá, ó di orí àdògán mi.

ÀBÚRÒ: Òótọ́ lẹ sọ. Àwọn yẹn jẹ̀bi jù yín lọ, ó jìnnà gan-an. Àmọ́ ẹ̀bi wọn kò pa tiwa rẹ́. Nígbà tí bàbá wa bá ń ṣán oko, igi wo ni kì í fọwọ́ kàn?

Ẹ̀GBỌ́N: Igi òrí. Àti igi irú. Á fi wọ́n sílẹ̀ láàrin oko, á gbin ọkà bàbà yí wọn ká. Tójò bá ti dé, ìyá wa á máa ṣa òrí lábẹ́ rẹ̀.

ÀBÚRÒ: Igi òrí máa ń tó ọdún 15 sí 20 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so. Àwọn tó dá èyí tí ìyá wa ń ṣa sí, wọn ò mọ̀ ọ́n. Irú tí ẹ fi ń sebẹ̀, ẹ ń kígbe pé ó ti wọ́n. Ó ṣeé ṣe kí igi rẹ̀ wà nínú àpò yẹn.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìyẹn dùn mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi í sílẹ̀, ẹlòmíì á rà á kílẹ̀ tó ṣú. Igi náà ti kú.

ÀBÚRÒ: Èyí tó wà nínú àpò ti kú. Èyí tó ṣì wà lóko ni mò ń sọ. Oníbàárà tó ń fi èédú kan ara wọn ló ń kọ́ ẹni tó ń sun ún ní igi tó máa gé. Bí ẹ̀yin olóúnjẹ bá ní ti melínà tàbí kaṣíà lẹ fẹ́, òun ni wọ́n máa gbé wá. Bí wọ́n bá gé àwọn yẹn, kùkùté wọn ń hù padà.

Ẹ̀GBỌ́N: Melínà rọ̀, á tètè jó tán. Ta ló máa san ìyàtọ̀ owó yẹn? Má sì sọ fún mi pé kí n lọ kó àjákù pákó ní Bódìjà, ojú mi ò gba èéfín mọ́.

ÀBÚRÒ: N kò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní èéfín ìdáná inú ilé pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 èèyàn lọ́dún 2020. N kò ní fi ojú yín ra igi. Ṣùgbọ́n ẹnu àdògán yín fẹ̀ ju ìdí ìkòkò lọ, ẹ̀gbẹ́ ni ooru ń gbà jáde. Ẹ̀wà yín, gbígbẹ lẹ ń gbé e kaná. Bí ẹ bá rẹ ẹ́ mọ́jú, tí ẹ sì dé ìkòkò, èédú tó máa jẹ á dín kù. Àdògán tí wọ́n fi amọ̀ tẹ́ inú rẹ̀ náà wà.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ̀wà rírẹ ò ná mi ní kọ́bọ̀, alẹ́ òní ni màá bẹ̀rẹ̀. Àdògán alámọ̀, ó di ìgbà tí àjọ mi bá kàn mí. Àmọ́ gbèsè èmi àtìwọ kò dọ́gba. Ìwọ ń gbowó oṣù, gáàsì lo fi ń dáná, oko bàbá wa sì wà lọ́wọ́ rẹ. Igi òrí mélòó ló kù níbẹ̀?

ÀBÚRÒ: Mẹ́fà. Ẹni tó ń dáko níbẹ̀ ti bi mí bóyá òun lè sun méjì. N kò tíì dá a lóhùn.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí lò ń dúró dè?

ÀBÚRÒ: Ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì mi. Owó ìdánwò WAEC ló ń wá.

Ẹ̀GBỌ́N: O rí i! O mọ orúkọ tiẹ̀, o ò lè wí fún un bó o ṣe wí fún mi. Ó dáa. Èmi á dá díẹ̀ nínú owó ìdánwò yẹn, ìwọ á dá èyí tó pọ̀. Òrí tó bá bọ́ lábẹ́ igi méjèèjì, kí ìyàwó rẹ̀ máa ṣà á, kó máa tà á, kẹ́nikẹ́ni má bi í.

ÀBÚRÒ: Tó bá gbowó tán, tó tún gé e ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwọ lo ń gbé Ṣakí, ìwọ ni kó o máa yà níbẹ̀. Pè é báyìí, kó tó lọ pọ́n àáké.