Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Kristiẹni tí Ń Kọ Ìtàn Àròsọ

Irú ìrẹ̀wẹ̀sì kan ń bẹ tí í bá Kristiẹni tí ń kọ ìtàn àròsọ, tí kì í sábà bá ẹni tí ń ro oko tàbí ẹni tí ń hun aṣọ. Àgbẹ̀ rí ebè tí ó kọ. Ahunṣọ rí aṣọ tí ó ti hun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń kọ ìtàn a jókòó ti àtùpà títí òru fi jìn, nígbà tí ó bá sì wo ohun tí ó kọ, kò ní mọ̀ bóyá iṣẹ́ ni òun ṣe tàbí eré. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó máa ń dìde sí i nínú ọkàn. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ẹni tí a pè láti jẹ́rìí òtítọ́ máa lo ọjọ́ rẹ̀ lórí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí? Ǹjẹ́ èmi ni ó yẹ kí n kọ ọ́? Ta ni yóò sì kà á? Nítorí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ìwé ṣe kú sínú àpótí kí ẹnikẹ́ni tó rí wọn. Ẹ jẹ́ kí á yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí wọ́n kan olùkọ́ tí ń gba ìwé àròkọ lọ́wọ́ ọmọ, wọ́n sì kan ọmọ tí ń kọ ọ́.

Èkínní, ǹjẹ́ irọ́ ni ìtàn àròsọ? Irọ́ ni kí ènìyàn sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, kí ó sì fẹ́ kí olùgbọ́ gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí, kí ó lè rí nǹkan gbà tàbí kí ó lè fi nǹkan pamọ́. Ẹni tí ń pa àlọ́ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ni ó ti ké sí àwọn ọmọ pé àlọ́ ni òun fẹ́ pa, àwọn ọmọ sì ti dáhùn; wọ́n ti jùmọ̀ mọ̀ pé Ìjàpá kò ní ẹnu tí ó fi ń bá Yánníbo aya rẹ̀ sọ̀rọ̀. Síbẹ̀ kí àlọ́ náà tó parí, ọmọ tí ó ní ojúkòkòrò ti rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Bí Nátánì wòlíì bá ti ka òfin sí Dáfídì létí tààrà, bóyá ọba ìbá ti wá àwáwí. Ṣùgbọ́n ó sọ ìtàn tálákà kan àti ọ̀dọ́-àgùntàn kan ṣoṣo tí ó ní. Inú ọba ru, ó dá ẹjọ́, ìgbà tí ó dá a tán ni ó tó mọ̀ pé orí ara òun ni òun dá a lé. Jótámù gun orí òkè Gérísímù, ó sì fi ọ̀rọ̀ àwọn igi tí ń wá ọba kìlọ̀ fún àwọn ará Ṣékémù. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí í béèrè orúkọ ìlú ọmọ onínàákúnàá kí ó tó gba ẹ̀kọ́ Olúwa wa gbọ́.

Nítorí náà, òtítọ́ ìtàn àròsọ wà nínú pé bí ọkàn ènìyàn ti ń ṣe gan-an ni ó fi hàn. Irọ́ lè wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí òǹkọ̀wé bá fi ẹ̀ṣẹ̀ hàn bí adùn tí kò ní ìkorò lẹ́yìn, irọ́ ni ó pa. Bí ó bá sì fi onígbàgbọ́ hàn bí ẹni tí a kò dán wò rí, irọ́ náà ni, àní bí orúkọ Ọlọ́run tilẹ̀ kún gbogbo ojú ewé. Nígbà tí I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìtàn ìgbésí ayé Sẹ̀gilọlá nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, ní 1929, ó jẹ́ kí obìnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn bí òun ti fi ẹwà ṣe ayé àti bí àìsàn ti dé bá òun. Kò bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì bo owó ọ̀yà ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ibí yìí ni ẹ̀rù mìíràn ti ń wá. Ọ̀pọ̀ ń rò pé ìtàn àwọn kò ì tíì ní ìwà-mímọ́ tó, wọ́n sì ń fi ìwàásù kún un títí àwọn ènìyàn inú ìtàn kò fi rí ibi dúró sí. Ẹ kíyè sí i pé a kò dárúkọ Ọlọ́run nínú Ìwé Ẹ́sítérì bí a ti kọ ọ́ ní èdè Hébérù, síbẹ̀ ẹni tí ó bá kà á yóò rí ọwọ́ Rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé Olúwa wa fi ẹ̀gbọ́n ọmọ onínàákúnàá sílẹ̀ ní ìta ilé. Kò sọ fún wa bóyá ó wọlé tàbí kò wọlé. Ìyókù di ti ọkàn olùgbọ́. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, D. O. Fágúnwà ní ìmọ̀ràn púpọ̀ fún wa, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ mú àwọn ọdẹ la igbó já, ó mú wọn dé Òkè Láńgbòdó, kí ó tó mú wọn jókòó lọ́dọ̀ Ìrágbèje láti gba ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó ti bá wọn rìn ni yóò ní sùúrù láti bá wọn jókòó.

Èkejì, òǹkọ̀wé ń bi ara rẹ̀ pé, Ta ni èmi? Ìbéèrè yìí le ju ti ìṣáájú lọ, nítorí aṣọ ìrẹ̀lẹ̀ ni ó máa ń wọ̀ wá. A ti kọ́ Kristiẹni kí ó má ṣe ro ara rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Nígbà tí ohùn kan bá sì wí fún un nínú pé kò yẹ ní ẹni tí í mú kálàmù, a máa rò pé Ẹ̀mí Mímọ́ ni ó ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á dán ohùn náà wò. Ìbáwí tòótọ́ a máa tọ́ka sí ibì kan. A máa wí pé, Ojú ewé kẹta kò dára. O kò ì tíì ronú ohun tí ìyá yìí yóò ṣe nígbà tí a bá túfọ̀ ọmọ rẹ̀ fún un. Lọ tún un kọ. Ẹni tí ó gbọ́ irú ìbáwí bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́. Ṣùgbọ́n ìrẹ̀wẹ̀sì kì í tọ́ka sí ojú ewé kankan. Ènìyàn fúnra rẹ̀ ni ó ń tọ́ka sí. A máa wí pé, Ìwọ kọ́, irú rẹ kọ́, fi í sílẹ̀. Kò sí ohun tí a lè tún ṣe nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àfi kí á káwọ́ gbera. Olùfisùn ni Ìwé Mímọ́ pe ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ èyí. Nítorí náà nígbà tí iyèméjì bá dé, má ṣe lé e lọ lójú kan náà, má sì ṣe foríbalẹ̀ fún un. Bi í pé, Ibo ni? Bí ó bá lè fi ibẹ̀ hàn ọ́, ọ̀rẹ́ ni. Dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì tún ibẹ̀ ṣe. Bí kò bá rí ibì kankan fi hàn, jẹ́ kí ó máa bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ wo John Bunyan. Ní 1628 ni a bí i ní Elstow, nítòsí Bedford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ títún ìkòkò irin ṣe ni ó bá lọ́wọ́ baba rẹ̀. Kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kankan. Wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ní 1660 nítorí ó ń wàásù láìgba àṣẹ, ó sì wà níbẹ̀ tó bí ọdún 12. Àwa ọmọ Ìjọ Áńgílíkà kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé òfin tí ń gbè lẹ́yìn Ìjọ tiwa nígbà náà ni ó fi í síbẹ̀. Nígbà tí ó kọ ìtàn èrò mímọ́ rẹ̀, ó fi í han àwọn tí ó fọkàn tán. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ròyìn rẹ̀ níwájú ìwé náà pé ohùn wọn kò ṣọ̀kan: bí àwọn kan ti fẹ́ kí a tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan kò fẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ohùn àwọn ènìyàn rere ni òun yóò dúró dè kí ó tó ṣe é, ìwé náà ìbá wà nílẹ̀ títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Ó rò ó, ó sì tẹ̀ ẹ́ ní 1678. Ní 1866, lẹ́yìn ọdún 188, David Hinderer, òjíṣẹ́ C.M.S. ní Ìbàdàn, gbé e jáde ní èdè Yorùbá pé Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń tún ìkòkò ṣe ní Bedford di ẹni tí ń bá àwọn ọmọ wa sọ̀rọ̀ ní èdè tí òun kò gbọ́ rí.

Ẹ̀kẹta, ta ni yóò kà á, kí sì ni èrè rẹ̀? Ìdáhùn tí ó tóbi jù lọ tí mo mọ̀ wà nínú ìwé wòlíì Jeremáyà, ní orí 36 àti orí 45. Bárúkù ni akọ̀wé wòlíì náà. Ó kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀gá rẹ̀, ó sì kà á fún àwọn ènìyàn nínú tẹ́ḿpìlì, títí ìwé náà fi dé ọ̀dọ̀ ọba Jèhóíákímù. Ìgbà òtútù ni, iná sì ń jó níwájú ọba. Bí a bá ti ka ìpín mẹ́ta tàbí mẹ́rin, a fi ọ̀bẹ akọ̀wé gé e, a sì sọ ọ́ sínú iná, títí gbogbo rẹ̀ fi jóná tán. Ẹ kíyè sí irinṣẹ́ tí ọba lò: ọ̀bẹ tí ó yẹ kí ó máa ran akọ̀wé lọ́wọ́ ni ó fi ba ìwé jẹ́. Ọlọ́run ní kí Jeremáyà mú ìwé mìíràn. Bárúkù tún jókòó, ó tún gbogbo rẹ̀ kọ, ọ̀rọ̀ púpọ̀ sì kún un, tí ìwé kejì fi ju èkínní lọ.

Ṣùgbọ́n Bárúkù kì í ṣe òkúta. Orí 45 fi hàn pé ó kérora: ìbànújẹ́ ń gorí ìbànújẹ́, kò sì rí ìsinmi. Ìdáhùn tí ó gbà kò ní ìyìn nínú. Ọlọ́run kò ṣèlérí fún un pé òkìkí rẹ̀ yóò kàn. A sọ fún un pé kí ó má ṣe máa wá ohun ńlá fún ara rẹ̀. Ẹ̀mí rẹ̀ ni a óò dá sí níbikíbi tí ó bá lọ. Ọ̀rọ̀ líle ni, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ gan-an ni ìtùnú wà. Púpọ̀ nínú ìrẹ̀wẹ̀sì wa ni ó ti inú ohun ńlá tí a ń wá fún ara wa jáde. A ń wo ìwé ẹlòmíràn tí a ń kà kiri, a sì ń wo tiwa tí kò kúrò nílé. Bí a bá sọ ẹrù yẹn kalẹ̀, iṣẹ́ nìkan ni yóò kù lọ́wọ́ wa, iṣẹ́ sì ṣeé ṣe.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé nínú Bíbélì nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀, kí ó rántí Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ wa ní Ọ̀yọ́. Ìtàn tí ó ṣẹlẹ̀ ní ti tòótọ́ ni òun kọ, kì í ṣe àròsọ, ṣùgbọ́n ohun tí ojú òǹkọ̀wé ń rí kò yàtọ̀. Ó parí ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901 láì fojú rí ìwé náà. Ọbádáyà àbúrò rẹ̀, tí ó jẹ́ dókítà, kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, ó sì tún gbogbo rẹ̀ tò. Nígbà tí a tún fi í ránṣẹ́ ní 1916, ogun àgbáyé kìíní ń lọ lọ́wọ́; àwọn ará Jámánì mú ọkọ̀ tí ó gbé e lójú òkun, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Síbẹ̀ a tẹ ìwé náà ní 1921. Ọbádáyà pẹ̀lú ti kú ní ọdún tí ó ṣáájú. Nínú àwọn méjèèjì tí wọ́n ṣiṣẹ́ náà, kò sí ẹni tí ó rí i ní títẹ̀, ṣùgbọ́n títí di òní kò sí ẹni tí ó lè kọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá láìyà sọ́dọ̀ wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì wí pé iṣẹ́ olùkọ́ kò fi àyè sílẹ̀. Olùkọ́ bí tiyín ni Fágúnwà. A kọ́ ọ ní St. Andrew's ní Ọ̀yọ́, ó sì ṣe olùkọ́ níbẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìdíje ìwé kíkọ tí ìjọba ṣe ní 1936 ni ó kọ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ fún, C.M.S. Press ní Èkó tẹ̀ ẹ́ ní 1938. Ọdún 11 kọjá kí Igbó Olódùmarè tó jáde ní 1949. Ẹni tí ọdún méjì bá kọjá lórí rẹ̀ láìkọ nǹkan, kí ó má tíì pe ara rẹ̀ ní òkú igi.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí wà. Nígbà tí ọmọ bá mú ìtàn tí ó kọ wá, ẹ má ṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì fi ìyìn èké tàn án jẹ. Ẹ kà á sókè kí òun náà gbọ́ ọ. Ẹ fi ìka tọ́ ibi tí ó ti sọ òtítọ́, ẹ sì tọ́ ibi tí ó ti ń sọ ohun tí ó rò pé ẹ fẹ́ gbọ́. Ẹ bi í bí ìyá rẹ̀ àgbà ìbá ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Yíǹkì pupa tí a fi kọ "Kò dára" sí ìsàlẹ̀ ìwé kì í kọ́ ọmọ ní nǹkan kan. Ọ̀bẹ Jèhóíákímù ni.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Ohun kan wà tí ẹ̀yin rí ní agbolé yín, ní ọjà, ní ojú ọ̀nà ilé-ìwé, tí àwa kò rí. Bí ẹni tí ó mọ Kristi, tí ó sì gbọ́ èdè Yorùbá dénú, bá dákẹ́, ìtàn kò ní tìtorí èyí tán láyé. Àwọn àbúrò yín yóò ṣì máa gbọ́ ìtàn, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni yóò máa sọ ọ́ fún wọn, ohun tí ó bá sì wu olúwarẹ̀ ni yóò fi sínú rẹ̀.

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹ kọ èyí tí ó wà lọ́wọ́ yín. Bí ó bá ní àbùkù, ẹ wá ibẹ̀ rí, kí ẹ sì tún un ṣe. Bí a bá sì sun ún níná, ẹ mú ìwé mìíràn. Kí Olúwa kí ó fi ìdí iṣẹ́ ọwọ́ yín múlẹ̀.