Ta Ló Mú Kọ́kọ́rọ́ Dání?

Ará nínú Olúwa, ẹ fojú inú wo ṣọ́ọ̀bù kan ní Durumi, l'Ábújá níbí, tó jẹ́ pé bí ọ̀gá bá ti jáde, ọjà dúró. Ọmọ iṣẹ́ wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè dín náírà kan fún oníbàárà. Ọ̀gá ní, "Wọ́n á jà mí lólè."

Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe asán. Ṣùgbọ́n ẹ ka Eksodu 18. Mose ń dá ẹjọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Jetro, àna rẹ̀, ní kò dára bẹ́ẹ̀. Kò ní kó fọkàn tán gbogbo èèyàn. Ó ní kó yan àwọn tó bẹ̀rù Ọlọ́run, tó sì kórìíra ojúkòkòrò: kí àwọn kan ṣolórí ẹgbẹ̀rún, kí àwọn mìíràn ṣolórí mẹ́wàá péré. Ẹjọ́ tó le nìkan ni kó máa dé ọ̀dọ̀ Mose.

Ìwà là ń wò ká tó fúnni láṣẹ. Díẹ̀díẹ̀ la sì ń fún un. Ẹni tó fúnni níṣẹ́ láìfúnni láṣẹ, ẹrù lásán ló gbé léni lórí. Bí ọmọ iṣẹ́ bá sì ṣàṣìṣe, kí ọ̀gá má sá fún ìpín tirẹ̀, torí òun ló yàn án.

Ìwọ tó ń ṣolórí lónìí, ta lò ń kọ́ láti mú kọ́kọ́rọ́ lọ́la? Igi kan ò lè dá igbó ṣe.