Òrí, Ìlà Ikùn àti Ọ̀rọ̀ Ẹnu Àwa Àgbà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní ìgbà yìí dà bí ọ̀rọ̀ inú yàrá, ṣùgbọ́n bí àwa obìnrin kò bá sọ ọ́ láàárín ara wa, ta ni yóò bá wa sọ ọ́? Ọ̀rọ̀ àwọn ìlà tí ó máa ń yọ sí ikùn, itan àti ọmú aláboyún ni. Ìlà náà gan-an kọ́ ni ó ń dà wá láàmú. Ohun tí a ti ń sọ fún àwọn ọmọ wa nípa rẹ̀ ni.

Ní Òkè-Ògùn wa yìí, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, títí dé Kíṣì àti Ìgbẹ́tì, kò sí ẹni tí kò mọ òrí. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ wa, igi emi sì ń hù fúnra rẹ̀ nínú oko. Ó máa ń tó ọdún 15 tàbí 20 kí ó tó so dáadáa, nítorí náà ẹni tí ó bá gé e lulẹ̀ ti gé ti ọmọ rẹ̀. Nígbà òjò ni àwọn obìnrin máa ń jí lọ ṣà èso rẹ̀ tí ó bọ́ sílẹ̀. Wọ́n á sè é, wọ́n á sá a, wọ́n á pa á, wọ́n á yan án, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi ọwọ́ pò ó nínú omi títí ọ̀rá yóò fi léfòó. Iṣẹ́ tí ń dá ènìyàn lẹ́yìn ni. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó èso náà lásán lọ sí òkè òkun fún oṣù 6, kí a lè máa ṣe é di òrí nílé, inú wa dùn, nítorí ọwọ́ obìnrin ni iṣẹ́ náà wà.

Òrí yìí ni a fi ń pa ọmọ tuntun, òun náà ni a sì ń fún aláboyún. "Fi pa ikùn rẹ láràárọ̀ àti lálaalẹ́, ìlà kan kò ní yọ." Àwọn ìyá wa sọ ọ́ fún wa. Àwa náà sọ ọ́ fún àwọn ìyàwó ọmọ wa, a sì sọ ọ́ fún àwọn ọmọbìnrin tí a kọ́ ní ilé ìwé nígbà tí wọ́n dàgbà tí wọ́n lọ sí ilé ọkọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, ọ̀kan nínú wọn wá bá wa nílé. Kò tíì pé ọmọ ọdún 25, oyún oṣù mẹ́jọ sì wà nínú rẹ̀, oyún àkọ́kọ́. Àwa ni a fún un ní òrí nígbà tí oyún náà wà ní oṣù kẹta, a sì ti sọ gbólóhùn tí a máa ń sọ. Ó jókòó, kò mu omi tí a gbé fún un. Ó ní, "Màmá Tíṣà, mo fi pa á o. Ọjọ́ méjì péré ni mo gbàgbé."

Ọjọ́ méjì! Ọmọ náà ti kà á. Ó ti wá ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kiri títí ó fi rí i: alẹ́ méjì tí oorun gbé e lọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti rí ikùn náà, ó sì ti bi í bóyá ọ̀lẹ ni kò jẹ́ kí ó tọ́jú ara rẹ̀. Ó wá mú ike kékeré kan jáde nínú àpò, ìpara tí ẹnìkan pò fún un lọ́jà, tí kò ní orúkọ, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, tí wọ́n ní yóò pa ìlà náà rẹ́ kí ó tó bímọ. Ó ti lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ojú tì wá. Ẹni tí ó ta ìpara náà kọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe ìlérí fún un. Àwa ni.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn mọ̀ kò le láti lóye. Lábẹ́ awọ tí a ń fojú rí, awọ mìíràn wà tí ó ní àwọn okùn tín-ín-rín, tí wọ́n ń jẹ́ kí awọ nà kí ó sì tún sún padà bíi rọ́bà. Bí ikùn bá ń yára tóbi, tí àwọn èròjà tí oyún ń mú wá sínú ara sì ti sọ okùn wọ̀nyí di ẹlẹgẹ́, wọn a já, ìlà a sì yọ. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí ju ìdajì àwọn aláboyún lọ, pàápàá ní oṣù mẹ́ta tí ó kẹ́yìn. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ní in, ẹni tí ó lóyún ní kékeré, ẹni tí ọmọ inú rẹ̀ tóbi tàbí tí ó gbé ìbejì bí àwọn aládùúgbò wa ní Ìgbó-Ọrà, ni ó máa ń ní in jù. Abẹ́ ni ó ti já. Òkè ni a ń pa òrí sí. Ní ọdún 2012, àwọn olùwádìí Cochrane kó ìwádìí 6 jọ, tí obìnrin 800 kópa nínú wọn. Bọ́tà kòkó àti òróró ólífì wà lára ohun tí wọ́n yẹ̀ wò. Wọn kò rí ẹ̀rí gidi pé ọ̀kankan nínú wọn ń dènà ìlà náà. Lẹ́yìn ìbímọ, ó máa ń ṣá díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í lọ tán.

Ìpara inú ike yẹn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìpara tí a fi ń bóra ni wọ́n ń po oògùn sítẹ́rọ́ìdì líle bíi clobetasol mọ́. Bí a bá ń fi pa ara káàkiri lójoojúmọ́, ó ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì ń fa irú ìlà kan náà tí ọmọ wa ń sá fún. Òmíràn ní mẹ́kúrì, tí ń ba kíndìnrín jẹ́, tí ó sì ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú. Ní orílẹ̀-èdè Gánà ní ọdún 2018, àjọ tí ń rí sí oúnjẹ àti oògùn kìlọ̀ fún àwọn aláboyún tí ń gbé oògùn glutathione mì kí ọmọ inú wọn lè pupa. Ọmọ tí a kò tíì rí, a ti ń tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe!

Ìbéèrè tí ó kù sí wa lọ́kàn nìyí: ṣé irọ́ ni a pa? Ẹlòmíràn yóò ní ẹni tí ó sọ ohun tí ó gbàgbọ́ kò purọ́. Àwa náà kọ́kọ́ fi èyí tu ara wa nínú. Ṣùgbọ́n oyún márùn-ún ni a gbé, a sì fi òrí pa gbogbo wọn, láti orí àkọ́kọ́ ni ìlà sì ti yọ. Ikùn tiwa ń jẹ́rìí lòdì sí ẹnu wa láti ọdún yìí wá. A mọ̀. Kí ló dé tí a tún ń sọ ọ́? Ó dùn-ún gbọ́ létí, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀. Ìdí mìíràn sì wà tí ó ṣòro láti sọ: nígbà tí tiwa yọ, a rò pé àwa ni a kò pa á dáadáa tó. Ẹni tí ó bá ń fi àṣìṣe ara rẹ̀ pamọ́ kò ní bi ìmọ̀ràn náà wò.

Arábìnrin wa kan nínú ẹgbẹ́ ní kí a rọra, pé bí a bá sọ òótọ́, àwọn ọmọ yóò pa òrí tì. A rò ó, ó sì ní ọgbọ́n díẹ̀ nínú. Òrí ń ṣe ara lóore. Ọyẹ́ Òkè-Ògùn a máa la ètè ènìyàn, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ikùn tí ń nà. Òrí ń rọ awọ, ó ń dín yíyún kù, ọwọ́ ìyá tí ń fi pa á sì ń fi aláboyún lọ́kàn balẹ̀. Òótọ́ yìí tó fún un. Kò nílò ìlérí tí a so mọ́ ọn. Ìlérí tilẹ̀ lè pa ni lára: bí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ aláboyún bá ń yún un gidigidi, pàápàá lóru, tí kò sì sí èélá lára, ó lè jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe é. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un pé kí ó fi kún òrí.

Ní kékeré wa, odò ni a ti ń wẹ̀. A rí ikùn àwọn ìyá wa, ti ẹni tí ó bí méjì àti ti ẹni tí ó bí mẹ́sàn-án, kò sì sí èyí tí ó dán bíi ti ọmọge. Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ti wà láàárín àwa àti àwọn ọmọ wa báyìí. Ibo ni wọn yóò ti rí i?

Lọ́jọ́ náà, a gba ike náà lọ́wọ́ rẹ̀, a sì bá a lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n lè mọ ohun tí ó ti lò. Ṣùgbọ́n kí ó tó kúrò nílé wa, ó bi wá léèrè, ó ń wo ilẹ̀: "Màmá Tíṣà, ẹ má bínú o, ti yín kò yọ ni?" A dìde, a ti ilẹ̀kùn, a ká bùbá wa sókè.

Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé omi náà mu.