Ta Ni Òwe Bá Wí?

Bí òṣèré bá ṣe ìtàn ọba kan lórí ìtàgé, tí aláṣẹ tó wà níjòókòó sì fà yọ pé òun ni wọ́n ń bá wí, ta ló dárúkọ rẹ̀? Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà lọ́dún 1964, nígbà tí Hubert Ògúńdé gbé eré Yorùbá Ronú jáde.

Nínú eré náà, igbákejì ọba da ọ̀gá rẹ̀, ó tà á fún ọ̀tá. Ògúńdé kò dárúkọ olóṣèlú kankan. Ṣùgbọ́n ìjà Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá ti pín ẹgbẹ́ wọn sí méjì, Awólọ́wọ̀ sì wà lẹ́wọ̀n. Kò sí ẹni tó nílò ògbufọ̀. Akíntọ́lá, olórí ìjọba ẹkùn náà, fi ìbínú jáde. (Ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀ sí àgbà nínú òwe àti àwàdà ni o!) Kò pẹ́ tí ìjọba fi kéde pé ẹgbẹ́ òṣèré Ògúńdé jẹ́ ẹgbẹ́ tí kò bófin mu.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Orúkọ tó yẹ ẹgbẹ́ ọlọ́ṣà ni wọ́n fún àwọn tó ń jó, tó ń kọrin, kí ìfòfindè náà lè dà bí ààbò ìlú.

Àwọn kan á ní ojo ni ẹni tó ń pòwe dípò kó sọ̀rọ̀ gbangba. N kò gbà. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí. Òwe fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ṣìṣe láti tún ìwà rẹ̀ ṣe láìsí ìtìjú. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀fẹ̀ fi lè bá ìjòyè wí lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nílẹ̀ Kétu, tí ẹnikẹ́ni kò ní mú un. Ìjọba ló ti ilẹ̀kùn yẹn pa. Òtítọ́ Korò ni Ògúńdé pe eré tó fi dá wọn lóhùn, èyí kì í sì ṣe àbọ̀ ọ̀rọ̀ mọ́.

Àríyànjiyàn kan wà tó wúwo ju ti ojo lọ: ọ̀rọ̀ lè dáná sun ìlú. Òótọ́ ni. Ẹni tó bá ní eré kò lágbára ń bú òṣèré ni. Àmọ́ lọ́dún 1965, lẹ́yìn ìdìbò tí àwọn ènìyàn ní wọ́n jí, ni wọ́n ń da epo sí ilé àti ènìyàn, tí wọ́n ń pariwo “wẹ́ẹ̀tì ẹ”. Nígbà yẹn, ó ti pẹ́ tí Ògúńdé kò lè ṣeré ní ẹkùn náà mọ́. Ìyà rọgbòdìyàn jẹ ìlú náà láìsí eré rẹ̀. Ọdún 1966, nígbà tí ológun gbàjọba, ni wọ́n tó mú òfin náà kúrò.

Lọ́dún 2016, wọ́n mú Jelili Atiku ní Èjìgbò, l'Ékòó, lẹ́yìn tó fi ara rẹ̀ àti aṣọ ṣe iṣẹ́ ọnà láàárín òpópónà. Ara ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ni pé ó da àlàáfíà ìlú rú. Wọ́n fagi lé ẹjọ́ náà nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n àlàáfíà ta ni ó dà rú?