DÚRÓ DE ARÁBÌNRIN RẸ
Ẹ ka Heberu 12:1-2



Ní ọdún 1990, ní ìlú Plovdiv ní Bùlgáríà, Derartu Tulu, ọmọbìnrin Etiópíà, ẹni ọdún 18, gba ipò kìíní nínú eré 10,000 mítà níbi ìdíje àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé. Ìgbà 25 ni wọ́n ń yí pápá ká! Ẹni tó bá fi gbogbo agbára sá ìyípo kìíní kò ní lè parí rẹ̀.

Ní 1992, ó gba wúrà ní Olympic ní Barcelona. Ó dúró de Elana Meyer, òyìnbó Gúúsù Áfíríkà tó ṣe ipò kejì. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n jọ yí pápá ká. Dídúró náà kò gba wúrà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ìgbàgbọ́ dà bí ẹni ru ẹrù gun òkè Màpó: sùúrù la fi ń gùn ún. Opó tí kò wá sí ìpàdé mọ́, ìyá tí ọjà kò tà fún ní Ọjà'ba, ta ló dúró dè wọ́n? Ẹ yà kí wọn lọ́sẹ̀ yìí.

Olúwa, má jẹ́ kí a dá nìkan dé òpin eré ìje. Àmín.